Ẹṣin Yín Fẹ́ Lọ Síbi Ìdíje Alápá Mẹ́ta? Ohun Tí Ẹ Máa Bá Níbẹ̀ Rèé

Ẹni tó bá ti gun ẹṣin lọ kírun Iléyá rí l'Ọ̀yọ́ níbí, tàbí tó ti fi ẹṣin gbé ọkọ ìyàwó wọ ibi àríyá ní Ògbómọ̀ṣọ́, á rò pé kò sí ohun tó kù tí òun ò mọ̀ nídìí ẹṣin. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ẹṣin mi lọ síbi ìdíje kékeré kan, àwa mẹ́rìnlá la forúkọ sílẹ̀, ipò kejìlá ni mo ṣe. Nínú àwọn méjì tí mo borí, ọ̀kan já bọ́, wọ́n sì lé èkejì kúrò nítorí ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màá dé orí ìyẹn.

Dáńfó là ń pe ẹṣin mi, torí kì í dúró kí èrò jókòó tán kó tó gbéra.

Ìdíje tí mò ń sọ, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní eventing, kì í ṣe eré-ìje. Ẹṣin kan náà àti ẹni kan náà ló máa ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ni ìrìn ìgbọràn, ìyẹn dressage. Níbi ìdíje kékeré tí wọ́n ń parí lọ́jọ́ kan, fífo ọ̀pá nínú ọgbà ló sábà máa ń tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó wá fi eré inú pápá kádìí rẹ̀, níbi tí ẹ óò ti fo ìtì igi, kòtò, bóyá omi pẹ̀lú. Àmì ẹ̀ṣẹ̀ ni àmì tí wọ́n ń kó jọ fún yín, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló gbégbá orókè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé yín mọ èyí ṣáájú. Ìyàwó mi ti ń kí mi kú oríire nígbà tó rí 124 níwájú orúkọ mi, tó sì rí i pé kò sí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ológun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹṣin tó ń gbọ́ràn nígbà tí ọmọ ogun bá tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tó lè sáré la ìgbẹ́ kọjá, tí ara rẹ̀ á sì ṣì le láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọdún 1912 ló wọ Òlíńpíìkì ní Stockholm, àwọn ológun ló sì wà fún nígbà náà. Ó di 1964 kí obìnrin tó bá wọn gùn ún níbẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Ọ̀yọ́. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi jagun lórí ilẹ̀ ọ̀dàn, ibi tí igbó kìjikìji bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ni agbára ẹṣin ń dín kù, torí igi, àti torí eṣinṣin tsetse tó ń kó àìsàn ràn án. Olókùn-ẹṣin, ìyẹn ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó ẹṣin ọba, tí ìtàn ń sọ pé ó wà láàfin Aláàfin, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ pe ẹni tó ṣètò ìdíje náà, kí ẹ bi í ní ìbéèrè bíi mélòó kan, torí kálukú ló ń ṣe tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Báwo ni ọ̀pá ṣe ga tó? Fún ìgbà àkọ́kọ́, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70 ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin ogun tì yín sí 90. Ṣé wọ́n gbà kí ẹnìkan dúró lẹ́bàá ọgbà kó máa ka ìrìn dressage sí yín létí? Àwọn kan ń gbà, àwọn kan kì í gbà. Ṣé akọ àti abo ẹṣin jọ máa wà níbẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá ló pọ̀ nínú ẹṣin tí à ń gùn, bí abo kan bá sì wà ní sáà tó ń wá akọ, kò sí ẹni tí ẹṣin rẹ̀ máa gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Èyí tó ṣe kókó jù ni pé ṣé dókítà ẹranko máa wà níbẹ̀, ṣé ọkọ̀ tó lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn sì wà ní sẹpẹ́? Tí wọ́n bá ní Ọlọ́run á ṣọ́ wa, ẹ dáhùn àmín, kí ẹ sì jókòó sílé.

Gàárì, ìjánu àti ohun tí ẹ máa wọ̀

Gàárì ayẹyẹ, èyí tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí àga ọba, dára lójú òde. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá fò, tí ẹ sì tẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ, iwájú gàárì yẹn á gún yín níkùn. Gàárì pẹlẹbẹ ni kí ẹ wá, kódà kó jẹ́ pé ẹ yá a ni. Ọ̀já tó so ó mọ́ ikùn ẹṣin ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ fà á, kí ẹ wo ojú rírán rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì mú èkejì dání.

Ìjánu ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Èyí tó ní òrùka irin tó yí àgbọ̀n ẹṣin ká, tí àwọn tó ń fi ẹṣin dárà ń lò, ó le jù. Ẹṣin tó bá wọ̀ ọ́ á gbé orí sókè, á la ẹnu sílẹ̀ gbayawu, adájọ́ á sì máa gé àmì yín lọ. Èyí tí irin rẹ̀ jẹ́ méjì tó kọ́ra láàárín ẹnu ló dára. Ẹ má sì dúró di ọ̀sẹ̀ ìdíje kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Ó gba Dáńfó ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó gbà pé òun lè dúró láìjẹ́ pé nǹkan ń dun òun.

Akoto ẹlẹ́ṣin tó ní okùn àgbọ̀n ni kí ẹ dé. Ti ọ̀kadà kọ́, abetí-ajá kọ́. Ẹ wá ẹ̀wù ààbò tó bo àyà àti ẹ̀yìn fún eré inú pápá, àti bàtà tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ yín má baà yọ wọnú irin ìtẹsẹ̀ gàárì, kí ẹṣin sì máa wọ́ yín nílẹ̀. Bí ẹṣin yín bá ń tapá, ẹ so ríbọ́ǹnù pupa mọ́ ọn nírù. Níbi ìdíje ẹṣin, gbogbo ẹni tó bá rí i ló mọ̀ pé kí òun má sún mọ́ ẹ̀yìn.

Ìmúrasílẹ̀ nílé

Kí ẹ lè ní ọgbà dressage tiyín, ẹ wọn mítà 20 ní fífẹ̀ àti mítà 40 ní gígùn lórí pápá ilé-ìwé tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ kọ lẹ́tà sára kẹ́ẹ̀gì òfìfo mẹ́jọ. A ni ẹnu ọ̀nà, ní àárín ẹ̀gbẹ́ kúkúrú. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ kọjú síwájú, K, E àti H wà lápá òsì yín. C wà lọ́ọ̀ọ́kán níbi tí adájọ́ ń jókòó sí. M, B àti F ló wà lápá ọ̀tún, M lọ́dọ̀ adájọ́, F lọ́dọ̀ ẹnu ọ̀nà. E àti B kọjú síra láàárín gbùngbùn, àwọn mẹ́rin tó kù jìnnà sí igun ní mítà 6. X wà ní àárín ọgbà gan-an, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ọ́ síbì kankan, ojú yín ló máa wá a.

Ẹ kọ́ ìrìn náà sórí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara yín, kì í ṣe pẹ̀lú ẹṣin. Bí ẹ bá ń tún un gùn lójoojúmọ́, ẹṣin á há a sórí, á sì máa ṣíwájú yín ṣe é. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́: lónìí, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró sójú kan; lọ́la, bí wọ́n ṣe ń yí róbótó. Ìdúró yẹn, ó ṣòro fún ẹṣin tiwa ju fífò lọ.

Ìrìn àjò

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 50. Ẹ má gun ẹṣin lọ, ẹ wá ọkọ̀. Ẹ da yanrìn sí ilẹ̀ ọkọ̀ kí pátákò má baà yọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ fi ẹ̀yìn ti òkìtì kan kí ẹṣin lè rìn wọlé láìfò. Okùn tí ẹ fi so ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ lè fà tú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n dúró tì í lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ sì bẹ awakọ̀ kó má fi fèrè kí gbogbo tírélà tó bá pàdé.

Ẹ gbé omi láti ilé. Ẹṣin lè kọ omi ìlú míì, ẹranko tó sì ń mu lítà 20 sí 40 lójúmọ́, tó tún ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú, kò gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ kan láìmu. Ẹ má pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ torí ìdíje. Bó bá jẹ́ koríko àti èèrí ọkà bàbà ló ń jẹ, òun náà ni kó máa jẹ. Oúnjẹ tuntun lè dá inú rírun sílẹ̀, inú rírun sì ń pa ẹṣin.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje

Ẹ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wákàtí méjì ṣáájú àkókò yín kì í ṣe àṣejù. Kálukú ló ní ìṣẹ́jú tirẹ̀ lórí ìwé, bí wọ́n bá sì kọ 8:14 síbẹ̀, 8:14 ni. Ó yà mí lẹ́nu pé ó ṣeé ṣe ní Nàìjíríà.

Kí ẹ tó sọ gàárì mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹṣin tó ń sinmi, tára rẹ̀ sì le, ooru ara rẹ̀ máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 28 sí 44 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ń mí ní ìgbà 8 sí 16. Ẹ fi ìka méjì kan abẹ́ egungun àgbọ̀n rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí iṣan ti ń sọ kúlúkúlú. Wọ́n lè ní kí ẹ mú un rìn kánmọ́kánmọ́ níwájú dókítà ẹranko. Ẹsẹ̀ tó ń tiro ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ gba nọ́ńbà yín, kí ẹ sì lọ fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà.

Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń mú ara ẹṣin gbóná, òfin kan wà tí wọn ò ní sọ fún yín: bí ẹ bá pàdé ẹlòmíì, ọwọ́ òsì yín àti ọwọ́ òsì tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọjá lára wọn. Ẹ má gùn ún pẹ́ jù. Ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n tó. Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ á ṣe èyí tó kù.

Dressage

Ẹ wọlé ní A, ẹ dúró ní X, ẹ kó okùn ìjánu sọ́wọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kejì wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sì fi orí kí adájọ́. Kò sí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, adájọ́ ì báà jẹ́ bàbá tó bí yín. Gbogbo ìrìn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní àmì láti 0 dé 10. Wọ́n á ṣírò rẹ̀ sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú 100. Ẹni tó gba 65, àmì ẹ̀ṣẹ̀ 35 ló máa gbé kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣìnà, adájọ́ á lu aago, á sọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ ò tíì kúrò nínú ìdíje.

Ní ti Dáńfó, ohun gbogbo ń lọ déédéé títí a fi dé E. Ìgbéyàwó kan ń lọ lẹ́yìn ògiri pápá náà, onídùndún sì ti rí ẹni tó ń náwó. Dáńfó gbọ́ ìlù. Ẹṣin tó ti ń jó níbi ayẹyẹ láti kékeré, kí ni kó ṣe? Ó na etí síwájú, ó tẹ ọrùn kọrọdọ, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì, ó ń fi ìdí yí díẹ̀díẹ̀. Ó jó láti E dé H. Àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan ti ń wá owó lápò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mà mọ̀ ọ́n jó o!" ló ń pariwo.

Adájọ́ kọ 2 sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó o jọ, 48 ni mo gbà nínú ọgọ́rùn-ún, ó di àmì ẹ̀ṣẹ̀ 52 kí n tó fo ohunkóhun.

Nítorí náà, bí ẹṣin yín bá jẹ́ ẹṣin ayẹyẹ, ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tó ní ìlù, tàbí kí ẹ fi fóònù ṣe é. Kó lu ú, kí ẹ ní kí ẹṣin rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá rìn, kí ìlù máa lọ, kí ẹ sì fọwọ́ pa á lọ́rùn. Àwa ṣe é fún oṣù méjì. Ó ṣì ń na etí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dákẹ́.

Fífo ọ̀pá

Ẹ má gbéra kí wọ́n tó lu aago o. Wọ́n á lé yín kúrò. Ọ̀pá tó bá já bọ́, 4 ni. Bí ẹṣin bá kọ̀ láti fò, 4 náà ni fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ń le sí i. Bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rin ọgbà, ẹ ka ìṣísẹ̀ yín láàárín ọ̀pá méjì, kí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90. Méjì wà fún bíbalẹ̀, méjì wà fún gbígbéra, mẹ́rin mẹ́rin tó kù ni ìṣísẹ̀ ẹṣin kan. Ìṣísẹ̀ yín 12 túmọ̀ sí ìṣísẹ̀ ẹṣin méjì, ṣùgbọ́n ẹṣin ńlá ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn. Ẹṣin tiwa kéré díẹ̀, ó lè sọ ọ́ di mẹ́ta. Ẹ má bá a jà. Ọ̀pá méjì ni Dáńfó gbá lulẹ̀, inú mi sì dùn pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Eré inú pápá

Ibí ni ọkàn ti ń já. Ẹ rin ojú ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ ní irú wákàtí tí ẹ máa gùn ún gan-an, torí òjìji máa ń yí ipò padà. Mo ti rin tèmi ní aago mẹ́fà àárọ̀. Nígbà tí mo máa dé ìdènà keje, ìtì igi kan lábẹ́ igi káṣú, oòrùn ti ń ràn yòò lójú pápá, abẹ́ igi náà sì ṣókùnkùn bí inú ihò. Ojú ẹṣin kì í tètè mọ òkùnkùn bí ó bá ń bọ̀ láti inú ìmọ́lẹ̀. Dáńfó dé ibẹ̀, ó ri ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, mo sì di ọrùn rẹ̀ mú bí ọmọ tó ń gun igi. Ìkọ̀ àkọ́kọ́ nídìí ìdènà kan, 20. Mo yí i padà, ó tún kọ̀, 40 kún un. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ilé ni. Mo jẹ́ kó rìn jẹ́ẹ́jẹ́ dé abẹ́ igi náà, mo ní kó wò ó, kí n tó yí i padà láti òkèèrè. Ó fò. Bí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá ti dín eré kù láti mítà ogún ṣáájú òjìji yẹn.

Gbogbo ìdènà ló ní àsíá méjì: pupa lọ́tùn-ún, funfun lósì. Àárín wọn ni kí ẹ gbà kọjá. Bí ẹ bá rí funfun lọ́tùn-ún yín, ẹ ti ń dojú kọ ọ́ láti ẹ̀yìn, ẹ dúró! Bí omi bá wà, ẹ fi igi wọn jíjìn rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá ẹrẹ̀ ni.

Ẹni tó ń tú yín sílẹ̀ á kà láti márùn-ún wálẹ̀. Òwe ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Nínú pápá yìí, kò sí ẹṣin iwájú. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú yín sílẹ̀, ẹṣin tó sì ti máa ń bá ẹgbẹ́ rìn láti ọjọ́ tó ti dáyé á fẹ́ yí padà. Ẹ kọ́ ọ nílé bí wọ́n ṣe ń dá jáde.

Ẹ má sáré àsákú. Bí ọ̀nà bá jẹ́ mítà 1,200, tí wọ́n sì ní kí ẹ máa sá mítà 400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 3 ni àkókò yín. Ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi pẹ́, 0.4 ni. Èmi pẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, ó di 4. Ẹ wò ó: ìkọ̀ kan ṣoṣo tó àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó gba ipò kìíní lọ́jọ́ yẹn, abo ẹṣin kan tó rù díẹ̀ ló gùn, kò sì sí ìgbà kankan tí mo rí i kó sáré tó yani lẹ́nu. Kò gbá ọ̀pá, kò kọ ohunkóhun. Níbòmíràn, wọ́n tún máa ń gé àmì ẹni tó bá tètè dé jù.

Ní ti ẹ̀gbọ́n tí mo ní màá sọ: bí ẹ bá ti wà nínú pápá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tọ́ yín sọ́nà. Àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ níbi ìdènà karùn-ún, ẹ̀gbọ́n ń sáré tẹ̀ lé e létí ọ̀nà, ó ń pariwo, "Yà sí ọ̀tún! Ọ̀tún! Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ìrànlọ́wọ́ láti òde nìyẹn, wọ́n sì yọ orúkọ ọmọ náà. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n sì pa ìmọ̀ràn mọ́ sínú. Ẹni tó bá já bọ́ náà, ìdíje ti parí fún un, kódà bó bá dìde tó sì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn eré

Ẹ sọ̀kalẹ̀ kíá, ẹ tú ọ̀já gàárì, ẹ máa mú un rìn. Àwọn àgbà kan á sọ fún yín pé omi tútù á pa ẹṣin tí ara rẹ̀ gbóná. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa da omi tútù sí i lára lọ́rùn, ní àyà àti láàárín itan láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì jẹ́ kó máa mu omi. Tí mímí rẹ̀ kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tàbí tí òógùn rẹ̀ gbẹ lójijì nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, ẹ pe dókítà ẹranko.

Ìdúró de èsì máa ń gùn. Ẹ jẹun. Nígbà tí wọ́n bá sì lẹ èsì mọ́gi, ẹ lọ gba ìwé dressage yín, torí ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì wúlò ju àmì lọ. Níwájú ibi tí a ti jó, ó kọ sí tèmi pé: "Ẹṣin yìí ní ayọ̀. Ẹ ràn án lọ́wọ́." Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ẹṣin, kí n lè máa kà á láràárọ̀. Ẹ gbé tiyín ga díẹ̀ ju ibi tí mo gbé tèmi sí lọ. Dáńfó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta.